Títún ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti dípẹtà ṣe

Títún ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ni iṣẹ́ yíyọ ìpẹtà àti ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ríìmù onírin, yíyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì lágbára, àti fífi ọ̀dà tuntun bò ó kí omi àti atẹ́gùn má baà kan irin náà mọ́. Iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe nínú àgbàlá ilé ni, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin, sáńpépà àti ọ̀dà, bí ó bá ti jẹ́ pé fọganáísà ni ó bá a yọ táyà kúrò. Ẹwà nìkan kọ́ ni ète rẹ̀. Ríìmù ni ó gbé ọkọ̀, ẹrù àti èrò dúró. Bí ìpẹtà bá jẹ ẹ́ kọjá ààlà, tàbí bí ọ̀dà bá bo ibi tí ó ti sán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè yọ lójú eré.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Òndó, ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó èso ọ̀pẹ, epo pupa, gàrí àti igi gẹdú láti oko lọ sí ọjà.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Ìpẹtà ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù fún ohun pupa rúsúrúsú tí ó máa ń bo irin tí omi bá ti ń kàn. Ìpáàrà ni orúkọ mìíràn, òun sì ni àwọn òǹkàwé Bíbélì Mímọ́ mọ̀ jù. A tún máa ń sọ pé irin dógùn-ún. Ríìmù ni agbo irin tí táyà jókòó lé. Ojú ríìmù ni àwo irin tí ó wà ní àárín rẹ̀, tí a lu ihò sí kí bóòtù lè gba ibẹ̀ kọjá, òun sì ni ó ń fara ti họ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀tù ni a fi ń dè é mọ́lẹ̀.

Bí ìpẹtà ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí irin tó dípẹtà: irin fúnra rẹ̀, omi, àti ọ́ksíjìn tí ó wà nínú atẹ́gùn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìpẹtà kò lè bẹ̀rẹ̀. Irin máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí ó bà lé e, ọ́ksíjìn á sì dà pọ̀ mọ́ ọn títí tí yóò fi di ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń kọ báyìí: Fe₂O₃·nH₂O. Iyọ̀ máa ń mú kí iṣẹ́ yìí yára, nítorí pé omi oníyọ̀ ń gbé iná mànàmáná kọjá ju omi òjò lọ.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìpẹtà irin àti ohun tí ó ń bo alumíníọ̀mù. Èyí tí ó bo alumíníọ̀mù mọ́ ọn pinpin, ó sì ń dáàbò bò ó. Ìpẹtà irin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi ń gbà wọlé, ó sì gba àyè ju irin tí ó ti wá lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán. Nítorí náà, bí ó bá ti wà lábẹ́ ọ̀dà, yóò máa wú, yóò sì máa ṣí ọ̀dà náà sókè títí tí yóò fi bó. Ìdí nìyí tí kíkun ọ̀dà lé orí ìpẹtà fi jẹ́ iṣẹ́ tí kì í pẹ́ bàjẹ́, bí ó ti wù kí ọ̀dà náà wọ́n tó.

Ipò ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà nínú igbó kìjikìji. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún máa ń ju mílímítà 1,500 lọ, láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di oṣù kọkànlá ni ó sì máa ń pọ̀. Irin máa ń dípẹtà kíákíá nígbà tí ọ̀rinrin inú atẹ́gùn bá ti ju nǹkan bí ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀rinrin agbègbè yìí sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní gúúsù rẹ̀ ni ilẹ̀ Ìlàjẹ wà, tí ó kan Òkun Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ tí ó ń ná ọjà ẹja ní Igbókọ̀dá máa ń bá omi ẹja àti omi oníyọ̀ pàdé.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ń dá kún un. Orúkọ Òkìtìpupa fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí òkìtì tí ó pupa, ohun tí ó sì ń mú ilẹ̀ àdúgbò náà pupa ni irú èròjà irin àti ọ́ksíjìn kan náà tí ó wà nínú ìpẹtà. Ẹrẹ̀ pupa yìí kò lè sọ irin di ìpẹtà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ríìmù, yóò sì di omi mú síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn ríìmù, níbi tí ojú kì í tó, fi sábà máa ń bàjẹ́ ṣáájú iwájú rẹ̀.

Oríṣiríṣi ọkọ̀ ni ó ń gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí: Hilux àti irú rẹ̀, típà, ọkọ̀ tí ó ń kó ẹyin lọ sí ibi ìfúnpo, àti tírélà tí ó ń gba Òkìtìpupa lọ sí Orè láti bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin. Ilé-iṣẹ́ Okitipupa Oil Palm Company ní oko ọ̀pẹ ńlá ní agbègbè náà. Àgbégilódò, ọkọ̀ tí ó ń kó gẹdú jáde láti inú igbó, ni èyí tí ríìmù rẹ̀ ń jìyà jù, nítorí pé ẹrù rẹ̀ wúwo, ẹrẹ̀ sì ni ọ̀nà rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọ̀nyí ni ó ti dàgbà, tí a sì ń lo ríìmù kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oríṣi ríìmù

Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù onírin pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì.

Èkíní ni ríìmù tí ó jẹ́ odidi kan. Irú rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Hilux, àti lábẹ́ tírélà òde òní tí táyà rẹ̀ kò ní túbù, tí ìdábùú ríìmù rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 22.5.

Èkejì ni ríìmù alápá púpọ̀, tí ó ní òrùka irin kan tàbí méjì tí ó ń há táyà mọ́ ọn. Táyà onítúbù ni ó ń lò ó, ínǹṣì 20 ni ó sì wọ́pọ̀ lára rẹ̀. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bíi Mercedes-Benz 911 tí ó gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà. Bí òrùka yìí kò bá jókòó dáadáa, tàbí bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn inú táyà lè ta á jáde bí ọta ìbọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ti kú báyìí káàkiri àgbáyé, èyí sì ni ó mú kí àjọ OSHA ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní ọdún 1980 tí ó ní kí a máa fi irú táyà bẹ́ẹ̀ sínú àgò irin kí a tó fún un ní atẹ́gùn.

Yíyọ táyà

A kò gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tù ríìmù ọkọ̀ ńlá nígbà tí atẹ́gùn ṣì wà nínú táyà rẹ̀. Táyà ọkọ̀ ńlá máa ń gba atẹ́gùn tí ó tó 100 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ọkọ̀ kékeré. A ó kọ́kọ́ yọ ẹnu ìfẹ́ táyà, a ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn náà tán pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbé ọkọ̀ lé jáàkì lórí ilẹ̀ líle, tí a ó fi igi tàbí òkúta dí ẹsẹ̀ yòókù, tí a ó sì ki ìdúró irin sábẹ́ ọkọ̀, nítorí pé jáàkì nìkan kò tó. Fọganáísà ni ó yẹ kí ó yọ táyà kúrò lára ríìmù, pàápàá ríìmù olórùka.

Àyẹ̀wò

Àyẹ̀wò ni apá tí ó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí, ṣáájú ọ̀dà ni ó sì gbọ́dọ̀ wáyé, nítorí pé ọ̀dà tuntun yóò pa gbogbo àmì rẹ́. Àmì kan tí àwọn awakọ̀ àgbà mọ̀ ni ìlà pupa tí ó ń ṣàn láti abẹ́ nọ́ọ̀tù bí omijé. Àmì yìí ń fi hàn pé nọ́ọ̀tù náà ti dẹ̀, tí irin sì ń ha irin. Ẹni tí ó bá kun ríìmù náà láì wádìí ìdí rẹ̀ ti pa ìkìlọ̀ mọ́, kò pa ewu mọ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ríìmù, a lè fi ẹfun àti kẹrosíìnì wá ibi tí ó ti sán. A ó fi kẹrosíìnì pa ibi tí a fura sí, a ó dúró díẹ̀, a ó sì nù ún gbẹ. Nígbà náà ni a ó wá fi ẹfun tí a ti lọ̀ kúnná wọ́n ọn. Bí irin bá ti sán, kẹrosíìnì tí ó ti wọ inú rẹ̀ yóò jáde padà, yóò sì fa ìlà tí ó tutù sórí ẹfun náà. Ibi tí sísán ti wọ́pọ̀ jù ni àárín ihò bóòtù kan sí èkejì, ibi tí a ti jó ojú ríìmù mọ́ agbo rẹ̀, àti inú kọ̀rọ̀ tí òrùka ń jókòó sí.

A gbọ́dọ̀ pa ríìmù tì pátápátá bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá wà lára rẹ̀:
– ibi tí ó ti sán, bí ó ti wù kí ó kéré tó;
– ihò bóòtù tí ó ti fẹ̀ tàbí tí kò rí róbótó mọ́;
– ihò jíjìn tí ìpẹtà jẹ síbi tí etí táyà ń jókòó sí;
– òrùka tí ó ti tẹ̀, tí ó ti fẹ́lẹ́, tàbí tí kì í ṣe ti ríìmù náà gan-an.

Kò yẹ kí wẹ́dà jó ríìmù tí ó ti sán. Ooru iná ń yí agbára irin náà padà, sísán mìíràn yóò sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá náà. Ó dára kí a gé ríìmù tí a ti pa tì sí méjì kí a tó tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, kí ẹlòmíràn má baà gbé e padà sí abẹ́ ọkọ̀.

Yíyọ ìpẹtà

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni fífọ ríìmù pẹ̀lú omi àti ọṣẹ. Bí òróró tàbí gírísì bá wà lára rẹ̀, a ó fi kẹrosíìnì yọ ọ́, a ó sì tún fi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì náà kúrò. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà mẹ́rin ni ó wà.

Fífi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ha á. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tí ó ti wú, a ó wá fi sáńpépà tẹ̀ lé e, láti orí èyí tí ó le (80) dé 120, títí dé 240 tàbí 320. Ẹ̀rọ tí ń yí búrọ́ọ̀ṣì onírin máa ń dín iṣẹ́ kù púpọ̀. Òkúta tí a fi ń gé irin kò dára fún un, nítorí pé ó máa ń fá irin tòótọ́ mọ́ ìpẹtà, ríìmù yóò sì fẹ́lẹ́.

Fífi ásíìdì tí kò le pa á. Fínígà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lè tú ìpẹtà ká bí irin bá wà nínú wọn fún wákàtí 12 sí 24. Ásíìdì fọsífọ́ríìkì, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìpẹtà tí a ń tà, máa ń sọ ìpẹtà di èròjà dúdú tí ó mọ́ irin. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó fi omi púpọ̀ ṣan ríìmù, a ó sì gbẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò yẹ kí a lo omi bátìrì. Ásíìdì tí ó wà nínú rẹ̀ ń jó ara àti ojú, ó sì lè mú kí irin líle bíi bóòtù di ohun tí ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́.

Fífi iná mànàmáná yọ ọ́. A ó da omi sínú agbada oníke, a ó po sódíọ̀mù kábọ́nétì mọ́ ọn, nǹkan bí ṣíbí ìjẹun kan sí lítà mẹ́rin omi. A ó so ríìmù mọ́ ẹnu òdì ṣájà bátìrì onífóòtì 12, a ó sì so àlòkù irin mìíràn mọ́ ẹnu kejì. Irin méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn. Ìpẹtà yóò tú kúrò láìjẹ́ pé irin tí ó dára dínkù. Gáàsì háídrójìn tí ń gbaná ni ó ń jáde, nítorí náà ìta gbangba, níbi tí kò sí iná, ni a ti ń ṣe é. A kò gbọdọ̀ lo irin tí kì í dípẹtà bíi ti ṣíbí àti abọ́ fún ẹnu kejì, nítorí pé ó máa ń sọ omi náà di májèlé.

Fífi yanrìn lù ú. Èyí yára ju gbogbo wọn lọ, ó sì ń dé inú kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n eruku yanrìn lásán ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí àtúnṣe. Òfin kan tí a ṣe ní Brítéènì ní 1949 ti fi òpin sí lílo irú yanrìn bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ yìí níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá ilé.

Kíkun ọ̀dà

Irin tí a ti ha tán kò ní ohun tí ó bò ó mọ́, ìpẹtà tuntun sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, pàápàá ní ìgbà òjò. Ọjọ́ tí a bá ha ríìmù náà ni ó yẹ kí a kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Nínú ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ, àmọ́ eruku pọ̀. Ní ìgbà òjò, ọ̀sán tí oòrùn ti mú ni ó dára jù. A kì í kun ọ̀dà nígbà tí ìrì bá ń sẹ̀ tàbí tí ọ̀rinrin bá ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

A ó fi àkísà mímọ́ àti tínà nu ojú irin. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa ni ó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n. Èyí tí a fi èpọ́kísì tàbí síńkì ṣe ń pẹ́ jù ú lọ. Ìpele méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn. Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, a ó kun ọ̀dà òkè ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta. Bí a bá ń lo ọ̀dà inú agolo tí a ń fín, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ni ó yẹ kí ó fi jìnnà sí irin, kí a sì máa dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín ìpele kan sí èkejì. Ẹ̀yìn ríìmù ni kí a kọ́kọ́ kùn. Wákàtí 24 ni ó kéré jù kí a tó gbé táyà lé e. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà kì í le tán kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ nípọn sí

Ojú ríìmù tí ó ń fara ti họ́ọ̀bù, àyíká ihò bóòtù, àti ojú tí nọ́ọ̀tù ń jókòó lé jẹ́ ibi tí ó gba ìṣọ́ra. Irin gbọ́dọ̀ tẹ irin níbẹ̀. Bí ọ̀dà tí ó nípọn bá wà láàárín wọn, nọ́ọ̀tù yóò dà bí ẹni pé ó ti le lọ́jọ́ tí a dè é. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá gbé ẹrù, tí bíréèkì sì gbóná, ọ̀dà náà yóò rọ̀, yóò sì fún pọ̀. Àyè kékeré tí ó fi sílẹ̀ ti tó láti mú kí nọ́ọ̀tù dẹ̀. Bóòtù yóò máa jó nínú ihò rẹ̀, wọn yóò sì máa ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fi yọ.

Ìlànà tí àwọn olùṣe ríìmù ńlá ń tẹ̀ lé ni pé kí ọ̀dà gbígbẹ tí ó wà lójú ìfarakanra má ju nǹkan bí mílímítà 0.09 lọ, ìyẹn sísanra bébà kan. Nínú iṣẹ́ àgbàlá, ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí a fi ìwé àti téèpù bo ibẹ̀ lẹ́yìn ìpele ọ̀dà ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo tí ó fẹ́lẹ́, kí ọ̀dà òkè má baà dé ibẹ̀ rárá.

Dídá ríìmù padà sábẹ́ ọkọ̀

A ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú họ́ọ̀bù àti ẹ̀yẹ bóòtù mọ́. A kì í de nọ́ọ̀tù ní títò yíká. Èyí tí ó kọjú sí ara wọn ni a ń dè tẹ̀ léra, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ríìmù lè jókòó dọ́gba. Agbára tí a fi ń dè é ni olùṣe ọkọ̀ máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀; lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tí bóòtù rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22, ó máa ń wà ní nǹkan bí níútọ̀n-mítà 600 sí 680. Sípánà tí ó ń wọn agbára ni a lè fi mọ̀ ọ́n. Títẹ sípánà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kò lè sọ iye rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bí kìlómítà 80 sí 160, a gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo nọ́ọ̀tù wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ààbò

Okùn irin wẹ́wẹ́ máa ń fò kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀rọ ń yí, nítorí náà awò tí ó bo ojú yíká ṣe pàtàkì. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ pẹ̀lú kò ṣe é fi sílẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Fífi omi rin ín kí a tó ha á ń dín eruku kù, kò sì yẹ kí ọmọdé wà nítòsí. Ọ̀dà alágolo méjì tí a ń pò mọ́ra máa ń ní èròjà tí ó lè fa ikọ́ fée, ìbòmú aláṣọ kò sì lè dá a dúró. A kò gbọdọ̀ fi iná jó ọ̀dà tàbí nọ́ọ̀tù tí ó há lára ríìmù tí táyà ṣì wà lórí rẹ̀, kódà bí a bá ti tú atẹ́gùn rẹ̀; ooru lè sọ rọ́bà inú táyà di gáàsì tí yóò bú gbàmù. Omi ásíìdì àti tínà tí a ti lò kò yẹ ní dídà sí odò tàbí ẹ̀bá kànga.

Ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́

Fífọ ẹ̀yìn ríìmù déédéé, pàápàá lẹ́yìn ìrìn inú ẹrẹ̀ tàbí ìrìn àjò lọ sí etí òkun, ni ó ń mú kí ọ̀dà pẹ́. Ibi tí òkúta bá ti ha ọ̀dà yẹ ní títọ́ sí kí omi tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí fọganáísà bá yọ táyà láti lẹ̀ ẹ́ ni àǹfààní wà láti tún wo inú ríìmù, níbi tí ìpẹtà ti lè máa jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.